Ẹ bá mi wá Epsilon Eridani

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ọmọ mi ní kí n fi ìràwọ̀ aràrá aláwọ̀ ọsàn kan han òun. Mo mú Epsilon Eridani torí pé kò jìnnà, nǹkan bí ọdún ìmọ́lẹ̀ 10.5 péré (ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn dé lọ́dún kan). Ó kéré ju oòrùn wa lọ, kò sì gbóná tó o. Ọmọdé ni láàárín ìràwọ̀, kò tíì pé bílíọ̀nù ọdún kan! Wọ́n ní ojú lásán ń rí i. Àmọ́ láti àná la ti ń wo ìwọ̀-oòrùn Rigel, ìràwọ̀ kan tó mọ́lẹ̀ dáadáa, lórí ẹní lẹ́yìnkùlé, ọrùn ń ro wá, ọyẹ́ bo ojú ọ̀run. Èyí tí mo rí, funfun ni. Ṣé òun náà nìyẹn? Ṣé awò olójú méjì lè jẹ́ kí àwọ̀ ọsàn yẹn hàn, àbí kí n dúró kí ọyẹ́ lọ?