Èémí ni o, kì í ṣe "ìmí"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mi ò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ orúkọ Yorùbá tá a fẹ́ máa fi kọ́ àwọn ọmọ nípa béèyàn ṣe ń mí, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí po àti ohun tí inú ń fi oúnjẹ ṣe yìí rárá, láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń kọ tí mo kàn ń mi orí, àmọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé Gwarinpa ní Àbújá wá kọ ọ́ pé àwọn ti parí iṣẹ́, pé ká máa kọ́ àwọn ọmọ ní "ètò ìmí, ètò ìṣàn ẹ̀jẹ̀ àti ètò ìlọ̀ oúnjẹ", mo ní rárá, tí mo bá dákẹ́, tara mi á bá mi dákẹ́.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí "ìmí" torí òun ló dùn mí jù. Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ìmí wà lédè wa, ta ni ò mọ ìmí ẹ̀dùn? Àmọ́ ẹ wo bẹ́ ẹ̀yin fúnra yín ṣe tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́: "eto imi". Kò sí àmì kan ṣoṣo lórí ẹ̀. Mo gbé e lọ sí kíláàsì Yorùbá tá a ń ṣe fáwọn ọmọ wa ní Kubwa ní Sátidé tó kọjá, mo kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù gẹ́lẹ́ bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan, Àbújá níbí ni wọ́n bí i sí, Yorùbá tí ìyá ẹ̀ ń sọ ní kíṣìnnì nìkan ló gbọ́, ó dìde, ó kà á sókè: "ètò imí". Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Tíṣà, ṣé ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìyẹn?" Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ yẹn ò jẹ̀bi o. Ohun tó wà níwájú ẹ̀ ló kà. Imí eṣú, imí ọjọ́, ìyẹn làwa náà máa kọ́kọ́ rántí, kò sẹ́ni tó máa rí i-m-i lórí bébà tí ọkàn ẹ̀ á lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ sì tún wá rò ó pé ẹ̀kọ́ kan náà la ti fẹ́ kọ́ wọn bí oúnjẹ ṣe ń gba ìfun lọ títí tó fi di ìgbẹ́, ibo ni ọmọ náà fẹ́ gbà mọ ìyàtọ̀?

Èémí ló wà ńlẹ̀ yìí. Ẹ ṣí gbogbo àmì kúrò lórí ẹ̀, "eemi", èémí náà ṣì ni. Ẹ̀gbọ́n ní ì- ló ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe dorúkọ, pé ìjó, ìlọ, ìmí, pé òfin ni. Èdè kì í ṣe búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ń fi móòdù kan ṣoṣo mọ. Ẹ ní ẹ ti ń kọ́ Yorùbá láti bí ọgbọ̀n ọdún, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ ìyá mi tí ò kàwé, tó fi gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ tajà ní Sábọ́n Gàrí ní Kánò, bó bá gbẹ́rù dé ilé tá a rọ̀ mọ́ ọn, "Ẹ kúrò lára mi, ẹ jẹ́ n rí èémí mí" ló máa sọ. Mi ò gbọ́ ìmí lẹ́nu ẹ̀ rí àfi tí ẹ̀dùn bá tẹ̀ lé e.

Ìyá mi yìí náà ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹni tó ń sọ pé àwọn àgbà wa ò dá ẹ̀dọ̀fóró mọ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀dọ̀, pé ìdí nìyẹn tá a fi fi ẹ̀dọ̀ sórúkọ ẹ̀, ò sọ òótọ́. Lọ́dọ̀ alápatà, Hausa ló máa fi ná ẹran, ó máa sọ pé òun fẹ́ hanta, òun fẹ́ huhu, bó bá délé á sọ ọ́ di ẹ̀dọ̀ àti fùkùfúkù, ìyẹn ẹ̀dọ̀fóró, kò ṣi ọ̀kan mú fún èkejì rí. Tó bá dà wọ́n sínú ìkòkò, ẹ̀dọ̀ á rì sísàlẹ̀, fùkùfúkù á léfòó, bó bá fi ṣíbí tì í wọlé, á tún yọrí. Atẹ́gùn tó há sínú àwọn àpò wẹ́wẹ́ inú ẹ̀ ló ń gbé e sókè. Tèèyàn náà rí bẹ́ẹ̀, àwọn àpò wẹ́wẹ́ yẹn tó nǹkan bí mílíọ̀nù 300, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń gba ọ́síjìn. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i: fùkùfúkù. Bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ṣe ń dún nìyẹn.

Ó wá kan ẹ̀jẹ̀. "Ètò ìṣàn ẹ̀jẹ̀" dáa, mi ò bá a jà. Ohun tí mò ń bá jà ni pé nísàlẹ̀ lẹ́tà yẹn ẹ tún wá ń pe àwọn ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà ní "ìṣàn mímọ́" àti "ìṣàn ìdọ̀tí". Ẹ jọ̀ọ́, ohùn ìsàlẹ̀ méjì yẹn ti ba nǹkan jẹ́. Omi ló ń ṣàn, ìṣàn ni ṣíṣàn ẹ̀. Iṣan ni ohun tó ń ṣàn gba inú ẹ̀. Mímọ́ àti ìdọ̀tí ò tiẹ̀ tọ̀nà, torí iṣan tó ti apá ọ̀tún ọkàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀jẹ̀ tó dúdú díẹ̀, tó ti já ọ́síjìn sílẹ̀ káàkiri ara, ló ń gbé, èyí tó ń ti ẹ̀dọ̀fóró bọ̀ wá sápá òsì ló sì ń gbé èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Tí ẹ bá fi mímọ́ pe gbogbo èyí tó ń jáde látinú ọkàn, ẹ ti parọ́ fọ́mọ. Iṣan àlọ, iṣan àbọ̀, ó tán, ọkàn ni ilé, ohun tó bá jáde ń lọ, ohun tó bá wọlé ń bọ̀. Oníṣègùn kan, Ibn al-Nafis, ti ṣàlàyé ìrìn ẹ̀jẹ̀ láti ọkàn gba ẹ̀dọ̀fóró padà sí ọkàn ní Káírò láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá, oníṣègùn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, William Harvey, náà tẹ̀wé jáde lọ́dún 1628 pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń yí po, kì í tán níbi kan kí òmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá. Nǹkan bíi lítà 5 tó wà lára àgbàlagbà, béèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn á ti tì í yí po láàárín ìṣẹ́jú kan. Àlọ àti àbọ̀ ni gbogbo ẹ̀.

"Ìlọ̀ oúnjẹ" ńkọ́? Lílọ̀ niṣẹ́ eyín àti ọlọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ iyán lálẹ́, tó di ọ̀gànjọ́ tí inú ṣì le gbandi, kí lẹ máa ń sọ? Ṣé "iyán ò tíì lọ̀" ni àbí "iyán ò tíì dà"? Dà ni. Itọ́ ti ń bá iyán wí láti ẹnu, omi kíkan inú àpòlúkù gbà á, òróòro tí ẹ̀dọ̀ ń pèsè kojú ọ̀rá ẹran, ohun tá a gbé mì ò ní jẹ́ nǹkan kan náà mọ́ nígbà tó bá máa wọnú ẹ̀jẹ̀, ó ti dà. Ẹnì kan á ní "ìdà" náà lè di idà táwọn jagunjagun ń yọ. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká kọ ọ́ ní dídà oúnjẹ.

Àbúrò wa tó kọ̀wé láti Jos gbìyànjú gan-an níbi ìfun. Ìfun tá à ń pè ní kékeré gùn tó mítà 6, èyí tá à ń pè ní ńlá ò ju bíi mítà kan àtààbọ̀ lọ, torí náà ló ṣe ní ká pe ti àkọ́kọ́ ní ìfun tẹ́ẹ́rẹ́. Mo fara mọ́ ọn. Àwọn tó ń bá a jà lórí bóyá tẹ́ẹ́rẹ́ ni àbí tín-ín-rín, ẹ máa bá a lọ.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín ni èyí. Lọ́dún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílé Ifẹ̀, ọdún mẹ́fà gbáko, tòun ti sáyẹ́ǹsì. Àwọn ọmọ yẹn ti dàgbà báyìí, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan wà láàárín wa. Ẹ dákun, ẹ sọ ohun tí tíṣà yín pe èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ nímú yín fún wa, mo fẹ́ kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù kó tó di Sátidé.