Ẹran tó jọ ọ̀yà tí mo rí ní Louisiana

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ n sọ tèmi náà. Ọ̀yà ni mo ń sìn níbí n'Íbàdàn, lọ́nà Mọ́níyà, ìgbà tí mo wá lọ kí àbúrò mi ní Louisiana l'Amẹ́ríkà tó gbé mi wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sínú àbàtà ẹ̀bá òkun wọn, bí mo ṣe rí ẹran kan tó ń wẹ̀ lọ báyìí mo pariwo pé ọ̀yà rèé! Àbúrò mi ní "Bọ̀dá mi, kì í ṣe ọ̀yà o, nutria ni."

Ọdẹ kan ti pa ọ̀kan sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mo wò ó dáadáa. Eyín iwájú ẹ̀ pọ́n ju ti ọ̀yà lọ, bí ẹni rì í sínú epo pupa, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ní awọ láàrin ọmọ ìka bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, ìrù gbọọrọ bíi ti eku. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ọmú ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ara lókè ló wà, kọ́mọ lè máa mu ún bí ìyá ṣe wà nínú omi.

Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Láàrin 1930 sí 1940 ni wọ́n kó o dé Louisiana torí irun ara ẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe kóòtù, àwọn kan já, wọ́n tú àwọn kan sílẹ̀, ló bá di pé wọ́n ń bí. Ọ̀yà tèmi ń lo bí oṣù 5 nínú oyún, tiẹ̀ ò ju oṣù 4 àti díẹ̀ lọ, tó bá bí tán, láàrin ọjọ́ 2 ó ti lè gba akọ padà!

Kì í ṣe ewé nìkan ló ń jẹ, gbòǹgbò ló ń hú jẹ. Wọ́n fi ibì kan hàn mí tí koríko kún tẹ́lẹ̀, ẹrẹ̀ lásán ló kù, omi sì ń gbá ẹrẹ̀ náà lọ lójú mi. Gbòǹgbò yẹn ló di ilẹ̀ mú ẹ jọ̀ọ́, tó bá ti lọ, òkun ti wọlé nìyẹn. Ọkàn mi bàjẹ́. Láti 2002 ni ìjọba wọn ti ń sanwó fún ọdẹ lórí ìrù nutria kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá mú wá, dọ́là 4 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó ti di 6.

Ẹnì kan tá a jọ ń sin ẹran, Àkànrán ló wà, rí fọ́tò tí mo yà, ó ní ẹran ńlá nìyí, ká wá bí a ṣe máa gbé akọ 1 abo 3 wálé. Mo ní láéláé. Bí wọ́n bá já wọ adágún omi Ẹlẹ́yẹlé n'Íbàdàn níbí, wọ́n á bá odò Ọ̀nà sọ̀kalẹ̀ lọ sápá òkun, ta ló máa lé wọn mú? Látìgbà yẹn kì í gbé ìpè mi mọ́. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, àmọ́ lórí ẹran yẹn, mi ò ní yí ohùn padà.