Ọlọ́pàá ń túlé, fóònù ń ya fídíò

Kò sí òfin Nàìjíríà tó ní kí onílé má ya fídíò ọlọ́pàá tó wá ṣiṣẹ́ nínú ilé rẹ̀. Abala 37 nínú ìwé òfin 1999 tiẹ̀ dáàbò bo ilé ẹni. Ẹ̀sùn tí wọ́n máa ń fà yọ ni pé ẹ dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Torí náà, ẹ jìnnà tó ìgbésẹ̀ 3, ẹ gbé fóònù sí àyà, ẹ má nà án sí wọn lójú. Ẹ wí i jẹ́jẹ́: "Ọ̀gá, mò ń gbà á sílẹ̀ o, mi ò dí yín lọ́wọ́."

Ẹ ṣí kámẹ́rà láìṣí fóònù fúnra rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá já a gbà, kò ní rí WhatsApp tàbí báńkì yín. Ẹ yọ fífi ìka ọwọ́ ṣí fóònù kúrò pẹ̀lú, kó ku nọ́ńbà nìkan, torí ìka ṣeé fà tì í.

Wọ́ráǹtì, ìwé àṣẹ láti túlé, ni kí ẹ yà dáadáa: orúkọ, ọjọ́, ìbuwọ́lù adájọ́, àdírẹ́sì. Ní Adó-Èkìtì níbi tí ọ̀pọ̀ ilé kò ti ní nọ́ńbà, àdírẹ́sì yẹn ni kí ẹ tẹjú mọ́ jù. Ẹ kà á sókè kí ohùn yín wọ inú fídíò. Àmọ́ bí wọ́n bá ń lé ẹni tó sá wọlé, ẹ má dúró lé wọ́ráǹtì.

*

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n tó kọ ti òkè yìí. Mo fi díẹ̀ kún un. ACJA 2015, òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tó wà fún ẹ̀sùn ìjọba àpapọ̀ (Èkìtì ní tirẹ̀, ti 2014), ní kí ẹlẹ́rìí 2 wà níbi ìtúlé, onílé náà sì lè pe aládùúgbò kan. Ẹ béèrè ẹ̀dà ìwé tí wọ́n kọ gbogbo ẹrù tí wọ́n kó sí. Bí ẹ kò bá béèrè, wọ́n lè má fún yín.

Fídíò gan-an ńkọ́? WhatsApp máa ń fún un pọ̀, ọjọ́ àti wákàtí inú rẹ̀ á sì lọ. Ẹ fi ojúlówó rẹ̀ sílẹ̀ nínú fóònù, ẹ fi ẹ̀dà sí Google Drive. Abala 84 nínú òfin ẹ̀rí 2011 ń béèrè ìwé tó sọ ẹ̀rọ tó gbà á àti bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Lọ́yà ló máa bá yín ṣe é. Bí wọ́n bá fipá pa á rẹ́, ẹ wo inú Trash: lórí iPhone, Recently Deleted ni wọ́n ń pè é, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 30.

Kẹ́ ẹ tó gbé e sí Facebook, ẹ ṣọ́ ohun tí ẹ máa kọ sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe fídíò, ni wọ́n sábà máa ń fi òfin Cybercrimes 2015 (òfin ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì) lé èèyàn kiri fún.