Alekhine: pọ́ọ̀nù mẹ́rin ń lé ẹṣin mi kiri

Bíríkìlà Sábó: Ẹ káalẹ́ o. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Sábó, Ìkòròdú, la ti máa ń ta ṣẹ́ẹ̀sì tí iná bá ti lọ tí kílípà dákẹ́. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni ọ̀ta ibẹ̀. Bí bàbá bá ti ti pọ́ọ̀nù sí e4 (lẹ́tà ni òpó ojú bọ́ọ̀dù, nọ́ńbà ni ìlà ẹ̀), èmi onídúdú á gbé ẹṣin sí f6: ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Alekhine nìyẹn. Wọn á ti e5, ẹṣin á sá lọ sí d5. Wọn á ti d4, èmi á ti d6. Wọn á ti c4, ẹṣin tún di b6. Wọn á wá rẹ́rìn-ín, wọn á ti f4: pọ́ọ̀nù mẹ́rin gbáko níwájú mi! Lánàá wọ́n nà mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n ní ẹṣin òpè ò níbi tó ti ń jẹko. Ṣé kí n jáwọ́, kí n máa ti e5 bíi ti gbogbo ayé ni?

Àgbà Ìjẹ̀dẹ̀: Lẹ́yìn f4, kí lo ṣe?

Bíríkìlà Sábó: e6 ni mo ti, ẹ̀gbọ́n, kí bíṣọ́ọ̀bù lè rọ́nà jáde.

Àgbà Ìjẹ̀dẹ̀: Ẹ̀n-ẹ́n! O ti ti ìkejì ẹ̀ mọ́lé nìyẹn, èyí tó wà ní c8. Àbúrò, bíríkìlà ni ẹ́. Ilé tó ga tí ò ní pílà, ibo lo ti máa wó o? d4 ni. Kọ́kọ́ fi pọ́ọ̀nù d jẹ e5, kó fi ti f jẹ ẹ́ padà, kí ẹṣin kejì bọ́ sí c6, kó máa wo d4 yẹn. Bó bá ṣi ẹṣin gbé sí f3, bíṣọ́ọ̀bù ẹ dà? g4! Tó bá gbọ́n, á fi bíṣọ́ọ̀bù ti d4 lẹ́yìn láti e3. Ìwọ gbé tìẹ sí f5, ìgbà yẹn lo tó lè ti e6. Kó ọba pa mọ́, kó o wá ti f6. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra fún d5 o: tó bá tì í, fi e jẹ ẹ́, tó bá fi c jẹ padà, ẹṣin c6 á fò sí b4.

Ọmọ Ìgbógbó: Alekhine fúnra ẹ̀, ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe ìbẹ̀rẹ̀ yìí, ta á ní Budapest ní 1921. Ní 1972 ní Reykjavik, níbi ìdíje ife-ẹ̀yẹ àgbáyé, Fischer fi na Spassky ní ayò kẹtàlá. Spassky ò tiẹ̀ ti pọ́ọ̀nù mẹ́rin, ẹṣin f3 ló gbé. Bàbá yín láyà ju Spassky lọ, ẹ máa bẹ̀rù wọn díẹ̀díẹ̀.

Bíríkìlà Sábó: Mo ti dé o. Mo ti f6, bàbá bọ́ awò ojú, wọ́n ń nù ún, wọn ò sọ̀rọ̀. Bí pọ́ọ̀nù e5 ṣe fẹ́ bọ́ báyìí, iná dé. Onígbàjámọ̀ ká bọ́ọ̀dù. Bàbá ní ọ̀mì ni.