Winnipeg ní Kánádà là ń kó lọ ní oṣù kìíní: kí ni kí n rà, kí ni kí n fi sílẹ̀?

Ìyá Ìbejì (Ìbàdàn): Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọkọ mi ti wà ní Winnipeg láti oṣù kẹsàn-án, físà tèmi àti tàwọn ọmọ sì ti jáde. Ọjọ́ kẹjọ oṣù kìíní la máa wọ bàálù. Ọmọ ọdún mẹ́rin làwọn ìbejì. Ọyẹ́ Ìbàdàn lásán, tìbọ̀sẹ̀-tìbọ̀sẹ̀ ni mo fi ń sùn. Ọkọ mi ní kí n fọkàn balẹ̀, pé òtútù ibẹ̀ ń mọ́ra. Òun náà ló máa ń sọ pé òrùlé wa ò jò, ó kàn ń làágùn ni. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ojú ọjọ́ ibẹ̀ ṣe ń rí yíká ọdún? Kí ni kí n rà ní Gbági?

Bàbá Àdùnní (ọdún keje ní Winnipeg): Oṣù tó le jù lẹ mú yẹn o. Lóru oṣù kìíní, máínọ́sì 20 lórí ìwọ̀n Celsius ò jọ ẹnikẹ́ni lójú. Tó bá di máínọ́sì 30 la máa ń sọ̀rọ̀ díẹ̀. Oòrùn ló ń tan àlejò jẹ. Ẹ ó ṣí kọ́tìnì, ẹ ó rí i tó ń ràn yòò bíi ti Ìbàdàn, ẹ ó ní ìta ti dára. Irọ́ ni! Ìkùukùu ló máa ń bo ilẹ̀ bí aṣọ ìbora. Tí kò bá sí i lóru, gbogbo ooru ilẹ̀ á fò lọ sókè. Ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́ kedere nínú oṣù kìíní ni mo máa ń bẹ̀rù.

Atẹ́gùn wá ńkọ́? Pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbalasa ni gbogbo agbègbè yìí, kò sí òkè tó máa dá a dúró. Nọ́ńbà méjì lẹ ó máa rí lórí fóònù: bí òtútù ṣe tó, àti bó ṣe máa rí lára nígbà tí atẹ́gùn bá dà á pọ̀. Èkejì ni kí ẹ máa wò. Tó bá ti wọ máínọ́sì 40, awọ ara tẹ́ ò bò lè dì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Etí àwọn ọmọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bò.

Ẹ má ra jákẹ́ẹ̀tì kankan ní Gbági.

Ọmọ Ìlọrin: Bàbá Àdùnní, ẹ má bínú, ẹ má dí wọn lọ́wọ́ tán. Ẹ ra súwẹ́tà onírun àgùntàn ní òkìrìkà, owó kékeré ni. Jákẹ́ẹ̀tì àti bàtà nìkan ni kẹ́ ẹ dúró rà ní Winnipeg níbí. Ẹ má fi aṣọ òwú ṣe àwọ̀tẹ́lẹ̀ o: òógùn á rin ín, á wá di omi tútù mọ́ yín lára. Ìbọ̀wọ́ àwọn ọmọ náà, èyí tí ìka mẹ́rin jọ ń gbé yàrá kan ni kẹ́ ẹ rà. Ìka tó bá dá gbé, òtútù á pa á.

Awakọ̀ Alẹ́: Ẹ ní kí ọkọ yín wo iwájú mọ́tò, wáyà kan á yọ orí níbẹ̀ bí ìrù eku. Òun la máa ń kì bọ iná lálẹ́ kí ẹ́ńjìnnì má bàa dì. Ọdún àkọ́kọ́ mi, mo rò pé ẹni tó tún un ṣe ló gbàgbé nǹkan síbẹ̀, mo fi rọ́bà so ó wọnú. Àárọ̀ ọjọ́ tó le, mọ́tò ní "kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀", ó dákẹ́.

Ìyá Ìbejì: Yéè! Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ń rí lọ́dún yípo ni?

Màmá Káyọ̀dé (ọdún kọkànlá): Rárá o, ọmọ mi. Tó bá di nǹkan bí oṣù kẹrin, yìnyín á yọ́, ẹrọ̀fọ̀ á gbòde. Ìgbà náà la máa ń wo odò Red tó gba àárín ìlú yìí kọjá. Àríwá ló ń ṣàn lọ; gúúsù rẹ̀ á ti yọ́ nígbà tí iwájú ṣì dì, omi ò sì ní ríbi gbà. Omíyalé ọdún 1950 ló jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ọ̀nà omi ńlá tó gba ẹ̀yìn ìlú kọjá, tí wọ́n parí ní 1968. Òun ló gba ìlú yìí sílẹ̀ ní 1997.

Ní oṣù keje, àǹkárá lẹ ó máa wọ̀: 26, nígbà mìíràn ó máa ń kọjá 30. Ẹ̀fọn náà á dé, wọn kì í gbé ibà tilé wá ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹ̀jẹ̀ í mu. Oòrùn ò ní wọ̀ títí aago mẹ́sàn-án àbọ̀ alẹ́ á fi kọjá, àwọn ìbejì á ní ilẹ̀ ò tíì ṣú, àwọn ò sùn. Ẹ ra kọ́tìnì tó ṣókùnkùn.

Oṣù kejìlá wá yàtọ̀: ilẹ̀ á ṣú ní aago mẹ́rin àbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Èyí ló ń ṣe mí ju òtútù lọ. Nínú ilé, ẹ̀rọ amúlégbóná á gbẹ afẹ́fẹ́ débi tí ètè á fi là. Òrí ni kẹ́ ẹ gbé wá, ó sàn ju gbogbo ìpara tí mo rà níbí.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun gan-an, màmá. Màá lọ ra òrí ní Bódìjà lọ́la. Kí ni kí n fi wé e?

Màmá Káyọ̀dé: Ike onídèérí, kẹ́ ẹ wá wé ọ̀rá mẹ́ta mọ́ ọn. Tèmi yọ́ ní Ìkẹjà ká tó gbéra, gèlè tí mo fẹ́ wé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló mu ún tán.