Ìdáhùn: àrọ kọ́, dídà ni, "kò bá mu" nìkan kò sì tó

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ní ká máa pe àwọn bàálù kékeré onírin tí à ń kó jọ ní "bàálù àrọ" dípò "diecast" tí òyìnbó ń pè é, mo júbà yín kí n tó ta kò yín. Alágbẹ̀dẹ ló ń rọ irin, òòlù ló sì fi ń lù ú títí tí yóò fi rí bó ṣe fẹ́. Síǹkì tí wọ́n fi alumíníọ̀mù díẹ̀ lú ni wọ́n ń yọ́ fún àwọn bàálù yìí, ẹ̀rọ á wá fi agbára tì í sínú mọ́ọ̀dù irin. Dídà nìyẹn. Bíbélì wa ti pààlà sáàárín ère gbígbẹ́ àti ère dídà láti ọjọ́ pípẹ́. Bàálù dídà ló yẹ ká máa pè é. Ní ti 1:200 àti 1:400 tí wọ́n ń kọ sára páálí láti fi hàn pé bàálù gidi gùn ju kékeré yìí lọ ní ìlọ́po igba tàbí irinwó, "ìdá igba" àti "ìdá irinwó" ti parí ìyẹn.

Ohun tó dùn mí jù ni "kò bá mu" tí ẹ fẹ́ ká máa lò fún gbogbo wàhálà tí ẹ̀yà ara wọn ń fà. Ẹ wo bàálù kékeré DC-10-30 ti Nigeria Airways, ìdá igba, tó gùn ju sẹ̀ǹtímítà 27 lọ díẹ̀. Irú DC-10 yìí ní ẹsẹ̀ kẹrin lábẹ́ ikùn. Nínú èyí tí mo rà, ọ̀dà ti dì sẹ́nu ihò ẹsẹ̀ náà. Bí mo ṣe ń tì í ni ọ̀pá ẹsẹ̀ ń tẹ̀, táyà ẹ̀gbẹ́ kan sì bọ́ dànù. Abẹ ni mo fi ń ha ọ̀dà yẹn díẹ̀díẹ̀ kó tó wọlé. Èyí "fún". Ẹsẹ̀ iwájú ńkọ́? Ó ń mì nínú ihò tirẹ̀, béèyàn bá ti gbé bàálù sókè, ó ti já bọ́. Ìyẹn "dẹ̀". Kò sí télọ̀ tí yóò fi ọ̀rọ̀ kan náà pe aṣọ tó fún àti èyí tó dẹ̀. Tí ẹnì kan bá kàn wá ní "kò bá mu", a lè ní kó kán gọ́ọ̀mù síbi tó yẹ kó fi abẹ ha. Èyí tó wọlé láìfún láìdẹ̀, ó ṣe wẹ́kú. Ìyẹn ti wà nílẹ̀.

Ti irin tó ń sán fúnra rẹ̀ tí ẹ pè ní "ìpẹtà", n kò gbà rárá. Ìta ni ìpẹtà ti ń jẹ irin wọlé. Inú lèyí ti ń bẹ̀rẹ̀, láti ara òjé tó dà pọ̀ mọ́ síǹkì nígbà tí wọ́n ń yọ́ ọ. Irin á wú, á sán, á máa rún. Ó pọ̀ lára bàálù ìṣeré ọmọdé Dinky Toys tí wọ́n dà ní Liverpool ṣáájú ogun 1939: ìyẹ́ ń gùn sí i, ó ń wọ́, kò sì sí abẹ tàbí gọ́ọ̀mù tó lè tún un ṣe mọ́. "Ìwúsán" ni àbá tèmi. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù ú lọ, kó mú un wá, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní ìpẹtà.