Ọkọ mi ní poker ni iṣẹ́ òun báyìí, ìyá rẹ̀ sì ń bú mi

Ìyàwó Akin: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. London la wà. Akáǹtáǹtì lọkọ mi, ó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ní poker, eré káàdì tí wọ́n ń fi owó ta, lòun ó máa fi jẹun. Ọ̀sán, oorun. Òru, kọ̀ǹpútà. Ìyá rẹ̀ wáá ń sọ kiri Ìbàdàn pé èmi ni mo sọ ọmọ òun di ọ̀lẹ. Níbi ìkómọ àbúrò ọkọ mi, wọn ò tiẹ̀ fún mi ní aṣọ ẹbí! Ọkọ mi ti ń múra Las Vegas báyìí, fún Main Event, ìdíje tó lókìkí jù nínú World Series of Poker. Kí ni kí n sọ fún ìyá yìí?

Àbíkẹ́yìn: Ṣé ó ń jèrè àbí ó ń pàdánù? Ẹ ò sọ ìyẹn.

Ìyá Ìbejì: Ọmọ mi, tẹ́tẹ́ ni tẹ́tẹ́ ń jẹ́. Lotto ló jẹ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ní Mushin run. Fìríìjì ló kọ́kọ́ tà, ó kan jẹnẹrétọ̀, ó wá kan góòlù ìyàwó. Góòlù tí èmi bá a rà!

Ọ̀jẹ̀ Káàdì: Mà á, lotto kọ́ nìyí. Owó ara wọn ni àwọn tó ń ta poker ń jẹ, kàsínò kàn ń bu tiẹ̀ nínú owó orí tábìlì ni. Akáǹtáǹtì náà ni Chris Moneymaker. Ìdíje kékeré 86 dọ́là lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló gbé e wọ Main Event lọ́dún 2003, ó sì gba mílíọ̀nù 2.5 dọ́là níbẹ̀.

Ará Peckham: Ẹ sọ ti Stu Ungar, ọ̀gá poker ìgbà kan, náà. Ó gba Main Event ní 1980, 1981 àti 1997. Ní 1998, inú mòtẹ́ẹ̀lì olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n ti bá òkú rẹ̀.

Ọ̀jẹ̀ Káàdì: Oògùn olóró ló bà á jẹ́!

Ará Peckham: Ẹ máa gbèjà lọ.

Ìyàwó Akin: Ọkọ mi kì í mu nǹkan kan. Gbogbo eré tó bá ṣe ló ń kọ sílẹ̀, ó sì jèrè lọ́dún tó kọjá. Ìjọba ibí kì í sì í gba owó orí lórí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni ìṣòro mi.

Àbíkẹ́yìn: 10,000 dọ́là ni wọ́n fi ń wọ Main Event. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, bíi márùndínlógún ló ń rí kọ́bọ̀ gbà níbẹ̀. Owó ta ni?

Ìyá Ìbejì: Ẹ bá mi bi í.

Ìyàwó Akin: Kò jalè o. Kò fọwọ́ kan owó ilé. Àjọ tó wà lọ́wọ́ mi ni mo yọ fún un, ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni ẹni tó kàn máa tó kó o.

Ìyá Ìbejì: Yéè! Owó olówó!

Ará Peckham: Ẹ jọ̀ọ́, àjọ ibo? Mo ń dá àjọ o.

Ọ̀jẹ̀ Káàdì: Èmi tí mò ń gbèjà, mo ti dákẹ́. Ẹni tó ń fi poker jẹun kì í fi owó tó lọ́jọ́ ìdápadà jókòó sí tábìlì. Nítorí pé ọ̀gá pàápàá lè pàdánù fún oṣù mélòó kan, ìpín nínú ohun tí wọ́n bá jẹ ni wọ́n ń tà fún ara wọn. Kí ó ta ìpín fáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó tó wọ bàálù, kí ẹ fi dí àjọ yẹn. Bí wọn ò bá rà á, àwọn tó mọ ọwọ́ rẹ̀ ti dáhùn nìyẹn.

Ìyàwó Akin: Ó ti fi lọ̀ wọ́n. Wọ́n ní àwọn ṣì ń rò ó.